Ìjà Àǹtí Bọ́tìnnì àti Tíṣà Ológbò

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni ẹ̀gbọ́n Àǹtí Bọ́tìnnì nígbà tó lọ sílé ọkọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ tí kò bá wọn yọ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi jọ gbé yàrá méjì kan náà ní àjà kẹta ilé kan, wọ́n jọ ń dáná, wọ́n jọ ń jà lórí fèrèsé tó yẹ kó ṣí àti èyí tó yẹ kó wà ní títì. Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n yà kí àbúrò níbi iṣẹ́, tó bá ọkùnrin kan pàdé níbẹ̀, ẹni tó ń ta gíláàsì ojú, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó wá gba kóòtù tó ní kí wọ́n bá òun fọ̀. Orí kóòtù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, iwájú akọ̀wé ìgbéyàwó ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Kí oṣù mẹ́jọ tó pé, àpótí mẹ́rin ti wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀gbọ́n ti di ará ìlú tó gba wákàtí mẹ́fà kí èèyàn tó dé.

Àǹtí Bọ́tìnnì bá wọn gbé àpótí. Ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ títí ọkọ̀ fi yà kúrò lójú. Bí èèyàn bá kú, àwọn aládùúgbò á wá bá ẹni tó kù jókòó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilé ọkọ lèèyàn lọ, ta lẹ fẹ́ kí àbúrò ìyàwó lọ sunkún fún? Wọ́n á ní ìlara ló ń ṣe é. Ó gbé ẹkún rẹ̀ mì bí ẹni gbé oògùn mì, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Nínú ilé ìfọṣọ kan ni, ní ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́yìn irin gígùn tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́, ni tábìlì rẹ̀ wà, pẹ̀lú maṣíìnì, iná kékeré ọlọ́rùn gígùn kan, àti agolo mọ́kànlá tó ṣa bọ́tìnnì sí ní àwọ̀ ní àwọ̀. Bí bọ́tìnnì bá já lára ẹ̀wù tí wọ́n kó wá fọ̀, bí síìpù bá kọ iṣẹ́, bí ṣòkòtò bá gùn ju ẹsẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Kì í rí ojú oníbàárà. Nọ́mbà tí wọ́n kọ sára bébà, tí wọ́n fi píìnì há mọ́ ọrùn aṣọ, nìkan ló mọ̀. Ó mọ̀ pé Nọ́mbà Igba-ó-lé-mẹ́rin ń sanra, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti tú ìdí ṣòkòtò rẹ̀ láàárín ọdún kan. Ó mọ̀ pé Nọ́mbà Ogójì máa ń fi eyín họ bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bí ọmọdé. Ìdajì ìgboro ló ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wọ̀ kiri, ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sójú títì, kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ju "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀" lọ.

Nílé, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń gbé ife méjì sórí tábìlì kó tó rántí. Á dá èkejì padà, á wá dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé fíríìjì àwọn máa ń kùn, pé omi máa ń rìn nínú ògiri bí ará ìsàlẹ̀ bá ń wẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tó ti ń gbé ibẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í dákẹ́ ẹnu. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n á pè.

"Àbúrò mi, ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni o, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé wá fẹ̀ báyìí, mo ti wá ń na ẹsẹ̀."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ọkọ á máa pariwo kí i láti ẹ̀yìn, ó parí nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Nígbà tó bá ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn máa ń sọ sí i lọ́kàn.

Ọkùnrin tó ń lọ aṣọ níbi iṣẹ́ wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Baba Oníná nítorí áyọ́ọ̀nù tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ló fi bébà kan hàn án lára ògiri ẹ̀gbẹ́ káńtà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ológbò onírun gígùn wà, pé inú ilé ni wọ́n ti tọ́ ọ, kí ẹni tó bá fẹ́ pe nọ́mbà yìí.

"Ẹ lọ mú ọ̀kan," Baba Oníná ní. "Ó sàn ju kí ẹ máa bá maṣíìnì sọ̀rọ̀ lọ. Mo ń gbọ́ yín."

"Maṣíìnì kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn," ó fèsì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ó ti ya nọ́mbà yẹn sápò.

Ilé kékeré kan tó wà ní ìparí òpópónà ni ẹni tó ń sin ológbò náà ń gbé. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ológbò ló sì ń sìn tà láti ìgbà náà, ni àdúgbò bá so méjèèjì pọ̀, wọ́n ń pè é ní Tíṣà Ológbò. Yóò ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tó gbé rúlà sẹ́yìn, gíláàsì ojú rẹ̀ ń fì lọ́rùn, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ iléèwé kọ. Àwọn ológbò ń ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan tó wà ní títì.

"Ṣé mo lè rí ìyá rẹ̀ mà?" Àǹtí Bọ́tìnnì bèèrè.

"Ìyá rẹ̀ ń sinmi," Tíṣà dáhùn. Ó wọlé, ó sì gbé ọmọ jáde nínú aṣọ ìnura. Eléérú ni, irun rẹ̀ dúró bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, ojú rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ó wo Àǹtí Bọ́tìnnì láìṣẹ́jú. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé kan wà tó ní láti fọwọ́ sí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí ẹranko bá ṣàìsàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí oníbàárà dá a padà, wọ́n á fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀, àti pé kò sí ìlérí mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ó fọwọ́ sí i. Tíṣà gbé gíláàsì rẹ̀ sójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ọjọ́ kẹrìnlá la wà lónìí, ìyáàfin. Ọjọ́ kẹtàlá lẹ kọ." Ó fún un ní bírò kó tún un kọ.

Ó sọ ológbò náà ní Àlejò, nítorí kò tíì dá a lójú bóyá yóò dúró.

Ní ọjọ́ kẹta, Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ní ọjọ́ karùn-ún, ipin ti di ojú rẹ̀ kan pa, kò sì fẹ́ jẹun mọ́; bí wọ́n bá gbé àwo síwájú rẹ̀, á kàn wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ìwé gbèsè fún. Àǹtí Bọ́tìnnì gbé e sínú páálí, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ọmọbìnrin ni dókítà náà, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó wo ẹnu, ó wo etí, ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, ó sì pẹ́ lórí àyà náà.

"Ọ̀fìnkìn ni, mà. Ó ti wà lára rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ máa kán oògùn yìí sójú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nǹkan mìíràn wà tí mo ń gbọ́ láyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀fìnkìn lọ ná. Ẹ gbé e padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó pe Tíṣà.

"Ẹ káalẹ́ mà. Èmi ni mo ra ọmọ ológbò eléérú lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Mo rántí. Ẹni ọjọ́ kẹtàlá."

"Ó ń ṣàìsàn mà."

"Ara rẹ̀ le nígbà tó kúrò nílé mi. Kí lẹ fún un jẹ?"

"Ohun tí ẹ kọ fún mi náà ni. Dókítà ní ọ̀fìnkìn yẹn ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan lára rẹ̀. Bí a bá sì ka ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ yín la máa bá a."

"Dókítà wo? Ọmọdé yẹn? Mo ti ń sin ológbò kó tó di dókítà! Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, ìyáàfin, a ò mọ èyí tínú ń run. Ṣé kí n wọnú ẹranko lọ wò ni?"

"Ẹ ò ní láti wọnú rẹ̀ mà. Ojú rẹ̀ ló dì pa. Ìta ni ojú wà."

Wọ́n fà á, wọ́n tún un fà. Oúnjẹ, atẹ́gùn, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, kò sí èyí tí wọn ò gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí Tíṣà gé fóònù náà, etí Àǹtí Bọ́tìnnì gbóná bí ẹ̀yìn áyọ́ọ̀nù. Ó wo fóònù: ìṣẹ́jú méjìlélógún. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ tó ìdajì ìyẹn. Ó dìde, ó gbé oúnjẹ kaná, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́, ó ń ká etí ṣòkòtò, ó sì ń fèsì fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ tà á, ẹ̀yin náà lẹ máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Hẹn-ẹn."

"Ẹ ṣọ́ra o," Baba Oníná ké sí i láti inú èéfín omi gbígbóná. "Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni."

"Ẹ jẹ́ kó sọ mí. Ṣebí bọ́tìnnì lèyí tí mo ní tẹ́lẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ìjà náà di iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Tó bá ti délé, á bọ́ bàtà, á kán oògùn sójú Àlejò, á wá jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á pe Tíṣà ní aago mẹ́fà. Kì í dún kọjá ẹ̀ẹ̀mejì kí Tíṣà tó gbé e. Bí ojú Àlejò bá ti ń là, ìjà á wà lórí ẹni tó ni ọpẹ́. Bí Àlejò bá jẹun díẹ̀, Tíṣà á ní òun kúkú ti sọ. Bí kò bá jẹun, Tíṣà á ní ta ló ní kí wọ́n gbóná oúnjẹ fún ológbò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún ìjà náà, sùúrù Tíṣà tán.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o ò rí nǹkan mìíràn ṣe láyé ẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ kan ló dì mọ́ Àǹtí Bọ́tìnnì létí. Ìwọ. Níbi iṣẹ́, ẹ ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ni. Dókítà, awakọ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀, gbogbo wọn, ẹ ni. Ohùn kan ṣoṣo ló ń pè é ní ìwọ láyé, inú fóònù ọjọ́ Àìkú ló sì ń gbé báyìí. Ó ṣe é bí ẹni pé wọ́n gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Mi ò rí mà," ó wí.

Òótọ́ ni, òótọ́ náà sì jáde kó tó ronú. Tíṣà húkọ́ díẹ̀. "Ó dáa," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ojú òsì ńkọ́? Ṣé ó ti là?"

Ọ̀fìnkìn lọ. Dókítà sì tún gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí Àlejò láyà, ó gbọ́ ọ títí, ó wá fà á yọ kúrò létí.

"Ọkàn rẹ̀ ni, mà. Ògiri rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, kò lè gba ẹ̀jẹ̀ sínú dáadáa. A bí i mọ́ ọn ni. Ìyá tàbí bàbá ló fún un, àwọn tí wọ́n jọ bí pọ̀ náà lè ní in."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta. Ó lè jẹ́ ọdún méjì. Ìlàjì hóró oògùn láàárọ̀, ìlàjì nírọ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kó máa sáré."

Nígbà tí Tíṣà gbọ́, kò pariwo. Àìpariwo rẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ba Àǹtí Bọ́tìnnì lẹ́rù.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ò tíì pé," Tíṣà ní. "Gbé e wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Abo kan wà níbí, funfun, ara rẹ̀ le. Màá fi pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹ."

"Tí mo bá gbé eléyìí wá, kí lẹ máa fi ṣe?"

Ológbò kan ké lápá ọ̀dọ̀ Tíṣà, ó tún ké.

"Ta ló máa gba ẹranko tí ọkàn rẹ̀ kò dáa lọ́wọ́ mi? Má jẹ́ ká tan ara wa. Abẹ́rẹ́ kan ni. Kò ní mọ̀."

Àlejò wà lórí itan Àǹtí Bọ́tìnnì. Ó ń mí kíákíá, ìhà rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń ran aṣọ ọjọ́ ìkánjú.

"Kì í ṣe bàtà mà, tí màá ní kò bá mi lẹ́sẹ̀ mu. Mi ò gbé e wá."

"Kí lo wá ń fẹ́?"

"Kí ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bímọ mọ́. Kí ẹ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó mú nínú àwọn ọmọ ọ̀hún, kí ẹ ní kí wọ́n lọ yẹ ọkàn wọn wò."

"O fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Tíṣà gé fóònù. Ọjọ́ Ẹtì dé, ó kọjá. Àǹtí Bọ́tìnnì pè, fóònù dún títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó pè lọ́jọ́ kejì, ó dún títí. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, bákan náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé inú ló ń bí òun, ó sì gbà á gbọ́ títí di ọjọ́ keje, nígbà tó ń gán bọ́tìnnì mọ́ kóòtù kan, tó rí i pé ọ̀rọ̀ tí òun ń kó jọ lọ́kàn kì í ṣe èébú. Ó ń kó o jọ láti sọ fún Tíṣà pé Àlejò gun orí àga fúnra rẹ̀ láàárọ̀. Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́. Ìbínú kọ́ ló ń ṣe é. Àárò ni. Ojú tì í láàárín àwọn agolo bọ́tìnnì rẹ̀. Ta ní ń ṣàárò ẹni tó ta ẹran aláìsàn fún un?

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gbé omi àti oúnjẹ sílẹ̀ fún Àlejò, ó wọ bọ́ọ̀sì. Láti orí ìjókòó dé ibùdókọ̀ ló ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀, kókó kan lẹ́yìn òmíràn, bí agbẹjọ́rò.

Ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Tíṣà kéré sí ohùn rẹ̀. Bí ó ti ń jókòó ṣánṣán lọ́jọ́sí, o ò ní mọ̀ pé kò ga. Kò ya irun, ó so aṣọ mọ́ orúnkún kan. Ohun tí Àǹtí Bọ́tìnnì sì kọ́kọ́ rí, nítorí ojú iṣẹ́ kì í sùn, ni pé bọ́tìnnì kẹta súẹ́tà rẹ̀ wà nínú ihò kẹrin, gbogbo aṣọ náà sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"O wá jà," Tíṣà ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Wọlé wá jà. Orúnkún mi ò gbà kí n dúró."

Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ò sí ní títì mọ́. Àgò onírin ló tò sára ògiri, ọ̀kan lórí èkejì, ológbò mọ́kànlá ló sì wà nínú wọn. Àwọn àgò òkè mọ́ tónítóní, bébà tuntun wà nínú wọn. Àwọn ti ìsàlẹ̀, ẹni tí kò lè tẹ orúnkún kò lè dé ibẹ̀. Òórùn náà gbá a nímú. Nínú àgò kan, abo eléérú kan dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìhà rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ kíákíá. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún Àǹtí Bọ́tìnnì ẹni tó jẹ́. Ó mọ èémí yẹn.

"Méjì ti kú," Tíṣà sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Nínú àwọn ọmọ ọ̀hún. Obìnrin kan pè mí, ọmọ rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ títí mi ò fi gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo wá ti fóònù náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Mo ń gbọ́ ọ tó bá ń dún. Mo mọ̀ pé ìwọ ni, tó bá jẹ́ aago mẹ́fà."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ara ìyá wọn ò yá?"

"Mo fura." Ó jókòó sórí àpótí kan. "Èèyàn lè fura fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ nílé ìwé, wọ́n pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ, kò sì sí èyí tó ń yà kí mi. Àwọn wọ̀nyí, tí àsìkò oúnjẹ bá tó, orúkọ mi ni wọ́n ń ké. Bí mo bá ní kí wọ́n má bímọ mọ́, wọ́n á tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa wá kù?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Àǹtí Bọ́tìnnì tò nínú bọ́ọ̀sì tú ká bí bọ́tìnnì tó já bọ́ sílẹ̀. Kò rí ẹyọ kan ṣà. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọpọ́n iyanrìn tí àwọn ológbò ìsàlẹ̀ ń yàgbẹ́ sí jáde. Tíṣà kò ní kó má ṣe é. Ó lọ jókòó sídìí tábìlì, ó mú ìwé àti bírò, ó kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹni tó ṣì ní ọmọ ológbò náà lọ́wọ́, ó ń kà á sókè bó ti ń kọ ọ́. Ó fúnra rẹ̀ pe dókítà ẹranko, "ọmọdé yẹn", ó bá a dá ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ilé ọmọ ìyá ológbò náà, tí wọ́n á sì wo ọkàn àwọn tó kù. Nígbà tí Àǹtí Bọ́tìnnì fi máa nu ọwọ́ rẹ̀, kò sí ohun tó bèèrè tí kò tíì rí gbà.

Tíṣà na lẹ́tà kan sí i. "Kà á. Ṣé àṣìṣe wà níbẹ̀?"

"Kò sí mà."

"Ó tán nìyẹn."

Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ gbá ògiri mú. Àǹtí Bọ́tìnnì fẹ́ sọ pé òun lè máa yà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nítorí àwọn àgò ìsàlẹ̀. Ó fẹ́ tún bọ́tìnnì súẹ́tà náà dè. Ó ń wá ibi tó máa gbà wọ ọ̀rọ̀ náà ni Tíṣà ti sọ tirẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ìyáàfin. Ẹ máa rọra lọ."

Ẹ. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti pa dé. Ó ti borí. Nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé orí ti gíláàsì fèrèsé, kò sì rí ohun tí ẹni tó borí máa ń fi ìṣẹ́gun ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, aago mẹ́fà á lù, kò sí ẹ̀sùn. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé ó kú ni?" Tíṣà bèèrè.

"Rárá mà. Ó wà."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan mà."

Wọ́n di fóònù mú ní ìhà méjèèjì. Àwọn obìnrin méjì tó lè jà fún ìṣẹ́jú méjìlélógún, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè àlàáfíà ara wọn. "Ó dáa," Tíṣà ní, ó sì gé e.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n pè. "Àbúrò mi, ṣé dáadáa ni?"

"Kò dáa, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọkọ ti ń pariwo kí i lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ní kó dákẹ́ ná. Ilẹ̀kùn kan pa dé. "Kí ló dé?"

"Ilé ti dákẹ́ jù. Mo ń bá arúgbó kan tí mi ò mọ̀ rí jà lórí fóònù, kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Ìjà náà sì ti tán."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kò rí nǹkan sọ. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo rò pé inú ẹ dùn pé mo lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí, o ò bèèrè rí pé ìgbà wo ni mo máa yà wá."

"Mi ò fẹ́ dí yín lọ́wọ́."

"Òpè ni ẹ́," ẹ̀gbọ́n wí, ó sì ń sunkún. "Òpè gidi ni ẹ́."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n wá, fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ṣí gbogbo fèrèsé tí kò yẹ ní ṣíṣí. Ó sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí oorun fi gbé e lọ, Àlejò sì sùn sí i lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, Àǹtí Bọ́tìnnì sìn ín lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Lọ́tẹ̀ yìí ó sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, ẹ̀gbọ́n náà sunkún. Ó padà sílé, fíríìjì ń kùn. Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́sí náà ló bá níbẹ̀, kò dín, kò sì lé.

Àlejò lo oṣù mẹ́tàlá. Kò sáré rí. Orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń wà, ó ń wo títì bí ẹni tó ń retí lẹ́tà, ó sì ń gbé ìlàjì oògùn rẹ̀ mì láìjiyàn tí wọ́n bá ti fi ẹja bò ó. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jẹun díẹ̀, ó yà kúrò nídìí àwo, ó wá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Àǹtí Bọ́tìnnì níbi tó ti ń mu tíì. Èémí rẹ̀ yára, ó yára sí i, lẹ́yìn náà kò yára mọ́.

Ó pe ibi iṣẹ́ pé òun máa pẹ́. Kò wá mọ ibi tó lè gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí. Ó pe Tíṣà.

Ohùn tí kò mọ̀ ló gbé e. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Tíṣà ni, obìnrin. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ni Tíṣà ń gbé báyìí; wọ́n ti fi àwọn ológbò tọrẹ; iyè rẹ̀ ti ń fò díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ mìíràn á rántí, ọjọ́ mìíràn kò ní rántí. Síbẹ̀, ó gbé fóònù náà fún un.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni mo mú ọmọ ológbò eléérú. Ó kú láàárọ̀ yìí."

Ó gbọ́ bí Tíṣà ṣe ń mí. Kò mọ̀ bóyá ó rántí.

"Ó jẹun?"

"Ó jẹun díẹ̀ mà."

"Ibo lo wà?"

"Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ló wà."

"Ó dáa. Kò dá kú." Ó tún ní, "Má tíì gbé fóònù sílẹ̀."

Kò gbé e sílẹ̀. Ó gbé e mọ́ etí, ó gbọ́ ṣíbí tó ń kan àwo nínú ilé tí kò mọ̀, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lókèèrè, ó gbọ́ èémí Tíṣà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó ṣe díẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n náà gba fóònù, ó ní kí wọ́n má bínú, oúnjẹ ti délẹ̀.

Àǹtí Bọ́tìnnì di Àlejò sínú aṣọ ìnura kan, ó lọ yá ṣọ́bìrì lọ́dọ̀ ará ìsàlẹ̀. Kò tíì tó ọ̀sán tó fi dé ibi iṣẹ́. Baba Oníná wo ojú rẹ̀. Ó kàn fa àga rẹ̀ jáde fún un. Ṣòkòtò méje ló wà lórí tábìlì tí wọ́n fẹ́ ká etí rẹ̀. Ó mú èyí tó wà lókè, ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.